Kíláàsì Tí Bàbá Mi Bá Mi Lọ

Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní Ojúẹlẹ́gba ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé Èkó. Ní Kétu tí wọ́n ti bí mi, ní ilẹ̀ Dàhòmì ìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà, nítorí náà apá òsì la máa ń kọ́kọ́ wò kí a tó sọdá títì. L'Ékòó, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Mo wo ibi tí ikú ò ti ń bọ̀, mo sì bọ́ sójú títì. Táksì kan tẹ búrèkì débi pé gbogbo èèyàn tó wà nítòsí ló yíjú. Awakọ̀ náà yọ orí jáde.

"Sísítà, ṣé o ti dágbére fún wọn nílé?"

Lójú tèmi, ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Òótọ́ sì ni pé mo ti dágbére fún wọn, ìyá mi sì sunkún.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n," mo dá a lóhùn. "Mo ti dágbére fún wọn dáadáa. Ẹ ṣeun."

Ọkùnrin náà wò mí títí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ̀rín sì gba ìbínú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹnì kan tó là á yé mi pé èébú ni.

Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mò ń lọ. Láti kékeré ni bàbá mi ti ń sọ fún wa pé Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Èkó, ọmọ ìyá wa ni gbogbo wọn, òyìnbó ló wá fa ìlà sáàárín. Nílé ìwé, Faransé la ń sọ, nílé, Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi wọ yunifásítì, ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ni mo ti kọ́ ọ. Mo wá dé Èkó, wọ́n ń pè mí ní Ẹ̀gùn, wọ́n ń pè mí ní ọmọ Kútọnu. Bí mo bá ní ọmọ Kétu ni mí, wọ́n á ní, "Kétu tó wà lọ́nà Ìkòròdú?" Bí mo bá ní rárá, Kétu ti Alákétu ni, wọ́n á tún bi mí, ní Yorùbá, pé, "Ṣé wọ́n ń gbọ́ Yorùbá níbẹ̀?" Èmi náà á dá wọn lóhùn ní Yorùbá pé wọ́n ń gbọ́ ọ.

Mo máa ń rò ó pé àlejò tí kò gbédè rárá sàn jù mí lọ. Wọ́n á fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ júwe nǹkan fún un. Èmi tí mo gbọ́, tí ohùn mi kàn ń lọ sókè níbi tí tiwọn ti ń lọ sílẹ̀, ṣe ni wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Mo pe ilé ìwé ní "ékọ́ọ̀lù", bí àwọn Faransé ti ń pè é, lọ́jọ́ kan níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi. Títí tí a fi parí ẹ̀kọ́ ọdún náà, Ékọ́ọ̀lù ni orúkọ mi.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo ń gbé, nínú ilé kan tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, tí gbogbo wa ń pín kíṣìnnì kan. Aya onílé, Ìyá Rámọ́tà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta àwo tánganran ní ọjà Sábó. Ohùn rẹ̀ le, ó sì fẹ́ràn kí ó mọ ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń bu omi sínú búta tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó dá mi dúró.

"Kí ni wọ́n ní o wá kọ́ ní yunifásítì yẹn gan-an?"

"Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ni, Ìyá. Àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí, àti ọ̀rọ̀ ìwà."

"Ẹ̀sìn wo?"

"Gbogbo wọn."

Ó gbé búta sílẹ̀. "Gbogbo wọn! Ṣé ẹ ò ní ọ̀kan nílé ni?"

"A ní, Ìyá. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wá. Kàtíkísì ni bàbá mi. Òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kí fadá tó ṣe ìrìbọmi fún wọn."

"Ṣé ó mọ ohun tí o wá kọ́?"

"Ó mọ̀."

"Kí ló wá wí?"

Mi ò lè sọ fún un ohun tí bàbá mi wí. Ohun tó wí ni pé, "Ẹni tó bá ń hú èbù wò bóyá ó ti ta, kò ní jẹ iṣu." Kò pariwo, kò sì dí mi lọ́nà. Ó kàn sọ ọ́, ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́ títí tí ọkọ̀ fi gbé mi. Lẹ́yìn tí mo ti dé Èkó tán, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń dún sí mi létí nígbà tí mo bá jókòó nínú yàrá ìkàwé, tí mo ṣí ìwé tó ń béèrè bí a ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run wà.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní Faransé ní Sùúrùlérè, nílé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Níbẹ̀, wọn kì í pè mí ní Ẹ̀gùn. Madàámù ni wọ́n ń pè mí, torí pé Faransé ni mò ń sọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé èdè òyìnbó ló sọ mí di ẹni iyì, tí Yorùbá tí ìyá mi kọ́ mi sì sọ mí di ẹni ẹ̀rín. Ní ọjọ́ Sunday mo máa ń lọ sí máàsì ní Yábàá. Orin tí mo mọ̀ ni wọ́n ń kọ, ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ni mi ò mọ̀. Mo máa ń la ẹnu láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn tí kò sí l'Ékòó lọ́jọ́ náà kò lè mọ bó ti rí. Awakọ̀ tó máa ń sá eré àsápajúdé ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Èèyàn kún etí títì, wọn ò mọ apá ibi tí wọn yóò wò. Mo bá Ìyá Rámọ́tà níbẹ̀, igbá àwo lórí rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sójú títì, ó sì ti fà á padà.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá, apá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn."

Ó tẹ̀lé mi. A sọdá, a sọdá òmíràn, mo mú un dé Sábó láìsí pé ọkọ̀ kan fun fèrè mọ́ wa. Nígbà tó sọ igbá kalẹ̀, ó pariwo sí àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń tajà: "Ẹ wá wo ọmọ Kétu o! Òun nìkan ló mọ̀nà l'Ékòó lónìí!" Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní ọmọ mi. Gbogbo Èkó ti di àlejò fún ọjọ́ díẹ̀, èmi nìkan ni onílé, n kò sì ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀.

Ní ìparí oṣù, mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Yábàá láti tẹlifóònù sílé. Kò sí tẹlifóònù ní Kétu lọ́dọ̀ wa. Àbúrò ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó ní Àjàṣẹ́, olú ìlú Dàhòmì, ni mo ń pè, òun ló máa ń mú ọ̀rọ̀ mi lọ sílé. A ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí tí wọ́n á fi pariwo ìlú tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Èèyàn á wọ inú àpótí onígíláàsì, á sì máa kígbe bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Ìyá mi wá síbẹ̀ rí, ó gba ẹ̀rọ, ẹkún ló kàn ń sun. Bàbá mi kò wá. Àbúrò ìyá mi ní bàbá mi sọ pé òun kò mọ bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tí kò rí sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n ó máa ń gbàdúrà," mo ní.

Ẹ̀rín pa àbúrò ìyá mi. "Ìwọ ni wọ́n ń kọ́ ní irú ìyẹn. Bá a sọ ọ́."

Dókítà tó ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fún wa ní iṣẹ́ kan ní ọdún kejì. Ó ní kí olúkúlùkù lọ jókòó síbi tí àwọn èèyàn ti ń sin Ọlọ́run lọ́nà tí kì í ṣe tirẹ̀. "Ẹ má wàásù fún wọn," ló wí. "Ẹ má dá wọn lẹ́jọ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ní àwọn ń ṣe, kí ẹ sì gbọ́ ọ." Kò sí ìrònú púpọ̀ nínú rẹ̀ fún mi. Mo ní kí Ìyá Rámọ́tà máa mú mi lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó yá mi ní ìborùn funfun, mo bo orí mi, mo ń jókòó lẹ́yìn àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n obìnrin kan láti Kétu tó ń wá ra ọjà ní Sábó rí mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ náà sọdá bọ́dà láìdúró de tẹlifóònù: ọmọ kàtíkísì ti di ìmàle l'Ékòó.

Mo ti yunifásítì dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Agboòrùn rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó jókòó gangan bí ẹni tó ń dúró de fadá. Ìyá Rámọ́tà jókòó kọjú sí i. Omi tí wọ́n gbé fún un wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá."

"Kó ẹrù rẹ," ni ó wí.

Kí n tó la ẹnu, Ìyá Rámọ́tà ti gbà á. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Ọmọ yín kò di ìmàle. Mo gbìyànjú ẹ̀, kí n má parọ́ fún yín. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí. Ìbéèrè ló ń bi mí. Kí ni mò ń rò bí mo bá ń fọ ọwọ́, kí ni mò ń rò bí mo bá forí kanlẹ̀. Ó bi mí títí tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Tó bá wá di ọjọ́ Sunday, bàtà ẹ̀ ló máa ń jí gbogbo ilé bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Àwa là ń fara dà á!"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mu omi náà.

Wọ́n fún un ní ibi tí yóò sùn ní pálọ̀ onílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jí, mo gbọ́ ìró ilẹ̀kẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ń ka rósárì ní ìpẹ̀kun kan, Ìyá Rámọ́tà ń ka tẹ̀súbà ní ìkejì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wo ẹnìkejì. Mo dúró títí wọ́n fi parí, mo sì lọ bá a.

"Bàbá, ẹ bá mi lọ sí kíláàsì kan péré. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé, mi ò ní jiyàn."

Ó mú agboòrùn rẹ̀.

Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A jókòó sẹ́yìn, mo ń fi Yorùbá ilé wa là á sí i létí. Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ ìwà ni wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Dókítà béèrè pé ṣé ó tọ́ kí a dá ẹnì kan lẹ́bi nítorí ohun tí kò sí ní agbára rẹ̀ láti mọ̀, tàbí láti ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Múṣìn ní òfin ni òfin, ẹni tí kò mọ̀ yóò jìyà rẹ̀ bákan náà. Ẹlòmíràn dìde, ó ní ìdájọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ mọ́, agbára lásán ni. Ariyànjiyàn gbóná. Mo rò pé bàbá mi yóò sùn. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Kí ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ wí? Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí tí agogo fi lù. Dókítà ní kí a lọ rò ó, ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Gbogbo èèyàn jáde. Bàbá mi ṣì jókòó.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí, Bàbá."

"Kò sì sọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

"Kò sọ ọ́."

A rìn lọ sétí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wa. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn wàásù gan-an. Kò ní kí a ronú pìwà dà, kò sì gba ọrẹ." Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé.

Kò sọ fún mi pé kí n dúró, kò sì sọ pé kí n máa bọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Rámọ́tà bá wa dé ibùdókọ̀, ó gbé àwo tánganran aláràbarà kan fún un pé kó bá òun fún ìyá mi. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó yíjú sí mi. "Màá sọ fún wọn nílé pé ojú obìnrin tó rí ọ ní mọ́ṣáláṣí kò tàn án," ló wí, "àmọ́ kò rí gbogbo ẹ." Ó wá yíjú sí Ìyá Rámọ́tà: "Ẹ bá mi mójú tó o." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé mo lè dúró.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Mo wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ bí ìṣe mi, wọ́n pariwo Àjàṣẹ́, mo wọlé, mo gbé ẹ̀rọ sétí. Ohùn tó dáhùn kì í ṣe ti àbúrò ìyá mi.

"Èmi ni," bàbá mi wí.

"Ṣé kò sí o? Màmá ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Mi ò lè bi ọ́ lójúkojú nígbà tí mo wá sí Èkó. Ibí yìí, mi ò rí ojú rẹ." Mo ń gbọ́ bí okùn ẹ̀rọ ti ń ta pápá. "Kí ìyá rẹ tó bí ọ, ó bí ẹnì kan. Obìnrin ni. Kò tilẹ̀ ké. Kò sí àyè láti da omi sí i lórí. Torí pé kò gba ìrìbọmi, wọ́n ní a ò lè sin ín sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kàtíkísì, èmi ni mo gbé e lọ sẹ́yìn ọgbà."

N kò mọ̀ ọ́n rí. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí.

"Fadá sọ ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lọ fún mi," ni ó wí. Ó ń kígbe kí n lè gbọ́, mo sì mọ̀ pé gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ àbúrò ìyá mi ń gbọ́ ọ. "Ní ẹnu ibi tó mọ́lẹ̀, tí wọn kì í wọlé. Bíṣọ́ọ̀bù náà sọ ọ́. Èmi náà ti fi kọ́ àwọn èèyàn, àwọn tí ọmọ wọn kú. Ìwọ tí wọ́n fi sílé ìwé nítorí ọ̀rọ̀ yìí, níbo ni ọmọ náà wà?"

Mo ti kà nípa rẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ìjọ ìgbàanì wí, mo mọ ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé lóde òní ń wí láti fi ta kò wọ́n. Mo mọ ohun tí Ìyá Rámọ́tà yóò wí. Mo sì mọ ohun tí ọmọ fi ń tu bàbá rẹ̀ nínú, pé ọ̀run ni ó wà, ó ń sinmi. Ó ti dé ẹnu mi. Mo rí bàbá mi lọ́kàn mi bó ti di ọwọ́ mi mú nínú kíláàsì, tó ní kí n tún un sọ.

"Bàbá," mo ní, "mi ò mọ̀."

Mo tẹ ẹ̀rọ mọ́ etí.

"Gbogbo ẹni tí mo ti bi ló mọ̀ ọ́n," ló wí níkẹyìn, kò kígbe mọ́. "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó tì mí níbi tí mo wà. Máa kàwé rẹ lọ."

Mo jáde nínú àpótí onígíláàsì náà, mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ìyá Rámọ́tà wo ojú mi, kò sì béèrè nǹkan kan. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó jókòó títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ní Kérésìmesì ọdún náà, mo lọ sílé. Bàbá mi mú mi gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a jáde lẹ́nu ọ̀nà kékeré kan lára ọgbà, a dé ibì kan lábẹ́ igi. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí àgbélébùú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé koríko ibẹ̀, ó kúrú, ó sì mọ́. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀. Mo dúró kí ó gbàdúrà. Kò gbàdúrà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn," ló wí.

Mo kúnlẹ̀ sórí koríko náà bí a ti ń kúnlẹ̀ fún ẹni tó juni lọ.

"Ẹ kúulé, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."